Ìgbádùn Ni, Kì í Ṣe Ìtẹ́lọ́rùn: Àpẹẹrẹ Kan láti Wásinmi

Bí a bá ń fi èdè Yorùbá kọ́ni nípa bí oníbàárà ṣe ń yan ohun tí yóò rà, "ìtẹ́lọ́rùn" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu. Mo rò pé ó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ẹni tó ní ìtẹ́lọ́rùn gba èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà inú ìwé ọrọ̀ ajé ń wá èyí tó pọ̀ jù lọ tí owó rẹ̀ ká. Ìgbádùn ló ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wo arìnrìn-àjò kan tó dúró ní Wásinmi, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú ₦400. Dòdò Ìkirè, tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, ata àti epo pupa ṣe, wà níbẹ̀. Ẹ̀pà náà wà. Ká ní ìdì dòdò jẹ́ ₦200, ti ẹ̀pà ₦100 (àfiṣe lásán ni). Dòdò àkọ́kọ́ fún un ní ìgbádùn 60, ìkejì 50. Ẹ̀pà àkọ́kọ́ 40, ìkejì 30.

Akẹ́kọ̀ọ́ a sáré mú dòdò méjì, nítorí pé 50 ju 40 lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 110. Ṣùgbọ́n dòdò kan àti ẹ̀pà méjì, ₦400 kan náà, mú 130 wá. Ìgbádùn tí náírà kọ̀ọ̀kan ń mú wá ni à ń fi wéra: 60 lórí 200 àti 30 lórí 100 jẹ́ 0.3 bákan náà; dòdò kejì kò ju 0.25 lọ. Hermann Heinrich Gossen ti gbé òfin yìí kalẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1854. Bó bá jẹ́ pé ìtẹ́lọ́rùn là ń wọ̀n, kí ni a ó fi sọ pé ẹni tó jẹ dòdò méjì, tó sì dúpẹ́, ṣe àṣìṣe?