Ẹ̀rọ Atọpinpin Nínú Iṣẹ́ Ẹja Pípa ní Òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ẹ̀rọ atọpinpin nínú iṣẹ́ ẹja pípa ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí a so mọ́ ọkọ̀, mọ́ àwọ̀n tàbí mọ́ ohun tí ń léfòó lójú omi, tí ń wọn ibi tí ọkọ̀ wà, bí omi ṣe gbóná sí tàbí bí ẹja ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n wọ̀n ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Ní etíkun tó lọ láti Senegal dé Nàìjíríà, iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tako ara wọn: wọ́n ń bá ọlọ́kọ̀ wá ẹja, wọ́n sì ń bá ìjọba ṣọ́ ọlọ́kọ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ hàn kedere jù lọ nínú pípa ẹja túnà, èyí tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbé wá sí èbúté Abidjan ní Côte d'Ivoire àti Tema ní Gánà. Ó ti pẹ́ tí àwọn apẹja ti mọ̀ pé ẹja a máa kó jọ sábẹ́ ohunkóhun tó bá ń léfòó lójú òkun, ìbáà ṣe ìtì igi lásán. Nítorí náà ni àwọn ọkọ̀ túnà ṣe ń fi ọparun àti àwọ̀n àlòkù kan pèpéle, tí wọ́n sì ń jù ú sójú agbami. Tẹ́lẹ̀ rí, ọlọ́kọ̀ ní láti padà lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Lóde òní, wọ́n a máa so ẹ̀rọ aléfòó kan mọ́ pèpéle náà, èyí tí ń gba agbára láti ara oòrùn. Ẹ̀rọ yìí ń ta ìró sí ìsàlẹ̀ omi. Bí ìró náà bá kan agbo ẹja, apá kan rẹ̀ a padà sókè, ẹ̀rọ a sì fi bí ìró tó padà ṣe lágbára tó díwọ̀n ẹja tó wà níbẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ tó wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì sí ibẹ̀ lè jókòó síbi tó wà, kó mọ pèpéle tí ẹja pọ̀ sí lábẹ́ rẹ̀, kó sì darí ọkọ̀ síbẹ̀ tààrà.

Ewu ibẹ̀ ni pé àwọn ọmọ túnà tí a ń pè ní bigeye, tí wọn kò tíì dàgbà tó láti bímọ, a máa wà láàárín agbo skipjack tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń wá. Àwọ̀n kan náà ni yóò kó gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí ICCAT, àjọ tí ń ṣàkóso pípa túnà ní Òkun Àtìláńtíìkì, fi gbé gbèdéke kalẹ̀. Ní ọdún 2021, ọkọ̀ kan kò gbọdọ̀ ní ju ẹ̀rọ aléfòó 300 tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2022, wọ́n fòfin de pípa ẹja lábẹ́ àwọn pèpéle náà fún ọjọ́ 72, láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 13 oṣù Kẹta. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé 300 fún ọkọ̀ kan ṣoṣo kì í ṣe iye kékeré rárá.

Ẹ̀rọ tún wà nínú yàrá yìnyín tí ń ṣọ́ òtútù, nítorí túnà tí kò bá tètè tutù a máa mú histamine jáde, májèlé tí sísè kò lè mú kúrò.

Ní ti ṣíṣọ́ ọkọ̀, ẹ̀rọ méjì ló gbajúmọ̀. VMS jẹ́ àpótí tí a fi èdìdì dì mọ́ ara ọkọ̀, tí ń fi ibi tí ọkọ̀ wà, eré tó ń sá àti ìhà tó kọjú sí ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba lóòrèkóòrè. AIS ní tirẹ̀, nítorí kí ọkọ̀ má baà kọlu ọkọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìgbohùn rẹ̀ ló lè gbọ́ ọ, àjọ Global Fishing Watch sì ti ń fi í ya ìrìn àwọn ọkọ̀ apẹja sórí máàpù fún gbogbo ayé láti ọdún 2016. Eré ọkọ̀ nìkan a máa tú àṣírí. Ọkọ̀ tí ń wọ́ àwọ̀n a rọra lọ, bíi máìlì òkun mẹ́ta sí mẹ́rin ní wákàtí kan. Èyí tó kàn ń kọjá lọ a yára ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀ ààlà ló mú kí èyí ṣe pàtàkì. Ní Nàìjíríà, òfin kò gba ọkọ̀ tí ń wọ́ àwọ̀n láàyè láti ṣiṣẹ́ nínú máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́ láti etíkun. Àwọn apẹja tí ń lo ọkọ̀ onígi, àwọn Ìlàjẹ ní etíkun Oǹdó pẹ̀lú wọn, ni a fi apá yẹn sílẹ̀ fún. Bí ọkọ̀ ńlá bá gba orí àwọ̀n wọn kọjá lóru, ó lè jẹ́ gbèsè nìkan ni yóò ṣẹ́kù fún ẹni tó ni ín.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé e kò bá fẹ́. A lè pa AIS. VMS ní tirẹ̀ ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà, kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní Gánà, ọkọ̀ ńlá a máa gbé ẹja dídì fún ọkọ̀ onígi lójú agbami lòdì sí òfin, òwò tí wọ́n ń pè ní saiko. Lójú àpótí, ọkọ̀ ńlá náà kò kúrò níbi tó yẹ kó wà.

Ọkọ̀ Thunder jẹ́ àpẹẹrẹ tó kan Nàìjíríà gan-an. Àsíá Nàìjíríà ló ń ta nígbà tí ọkọ̀ Bob Barker ti àjọ Sea Shepherd bá a nítòsí Antarctica ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, níbi tó ti ń pa ẹja toothfish láìgbàṣẹ. Àwọn atukọ̀ ló wá a kàn, tí wọ́n sì tẹ̀ lé e fún ọjọ́ 110, títí tó fi rì ní omi São Tomé àti Príncipe ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2015. Kó tó rì, Nàìjíríà ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ọkọ̀ rẹ̀.

Láti ọdún 2007 ni Làìbéríà, Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ti ní ìgbìmọ̀ ẹja pípa kan, FCWC, tó fi Tema ṣe ibùjókòó, kí ọkọ̀ tí orílẹ̀-èdè kan lé má baà fi omi èkejì ṣe ibi ìsádi. Ọkọ̀ onígi ní tirẹ̀ kì í sábà gbé ẹ̀rọ kankan, nítorí náà kì í hàn lórí máàpù tí a yà láti dáàbò bò ó. Ní Gánà, àjọ Environmental Justice Foundation ṣe ètò kan sórí fóònù fún irú àwọn apẹja bẹ́ẹ̀. Dase ni orúkọ rẹ̀, tó túmọ̀ sí ẹ̀rí ní èdè Fante. Apẹja tó bá rí ọkọ̀ ńlá níbi tí kò yẹ yóò ya àwòrán rẹ̀, fóònù yóò sì kọ ibi tí wọ́n wà mọ́ àwòrán náà, kó lè di ohun tí a fi wé ọ̀rọ̀ tí ọlọ́kọ̀ bá sọ.