Kí Gbogbo Ilé Lè Jọ Rí I: Bí A Ti Ń Gbé Ojú Fóònù Sórí Tẹlifíṣọ̀n

Bí ẹ bá ṣí ojú ìwé ìròyìn ẹbí nínú ìwé yìí, ẹ ó rí i pé ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí ń ṣẹlẹ̀ nílé kò dín kù, ṣùgbọ́n àwa tí a ń rí ọ̀nà lọ síbẹ̀ ń dín kù. Láti oṣù May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò, owó ọkọ̀ ti gun òkè, ẹ̀rù ojú ọ̀nà sì tún wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Bí ọ̀nà bá ṣe é rìn tí owó sì wà, ilé ni kí ẹ lọ. Ẹni tí kò lè lọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ó pe ilé lórí WhatsApp, fóònù á sì máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Bàbá àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ á gbé e súnmọ́ imú, síbẹ̀ kò ní í mọ ẹni tí ń jó. Kí ó tó kan màmá tó wà ní ìdáná, wọ́n ti sin òkú tán. Bẹ́ẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ńlá wà lára ògiri níwájú gbogbo wọn, tí kò ṣe nǹkan kan. Láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù October 1959, ohun tí a ń jọ jókòó wò ni.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí àwòrán náà yóò gbà wá. Bí ó bá jẹ́ orí YouTube ni wọn yóò gbé e sí, bí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ayàwòrán ti ń ṣe nísinsìnyí, iṣẹ́ rọrùn. Tẹlifíṣọ̀n tó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ní YouTube nínú. Ẹ so òun àti fóònù mọ́ Wi-Fi kan náà, kí ẹ ṣí YouTube lórí fóònù, kí ẹ sì tẹ àmì kékeré tó dà bí àpótí tí ìlà títẹ̀ mẹ́ta wà ní igun rẹ̀. Láti ìgbà náà, tẹlifíṣọ̀n ni yóò máa fa àwòrán fúnra rẹ̀. Fóònù ti di rìmóòtù, ẹ sì lè fi pe ènìyàn láìdá eré dúró.

Ṣùgbọ́n WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ẹbí wa ń lò, ìpè rẹ̀ kò sì ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, gbogbo ojú fóònù pátá ni a ní láti gbé sórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni Miracast, tí ó ti wà láti 2012. Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà nínú afẹ́fẹ́. Kò gba inú íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, nítorí náà kò jẹ dátà lẹ́yìn èyí tí ìpè WhatsApp fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ẹ wá a nínú tẹlifíṣọ̀n níbi tí wọ́n kọ Screen Mirroring, Screen Share tàbí Wireless Display sí. Lórí fóònù, ẹ fa ìka wálẹ̀ láti òkè: Smart View ni Samsung ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní Cast tàbí Screen Cast. Orúkọ tẹlifíṣọ̀n yín á jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń gbé ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, kí ó wo orúkọ náà dáadáa, kí ó má baà lọ gbé ìsìnkú bàbá rẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò tí ń wo bọ́ọ̀lù.

iPhone kò gba Miracast. AirPlay ni tirẹ̀, àfi kí tẹlifíṣọ̀n náà sì ní i. Samsung, LG àti Sony bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú àwọn tẹlifíṣọ̀n wọn kan ní 2019.

Bí tẹlifíṣọ̀n yín kò bá lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tí ó ní ihò HDMI lẹ́yìn, ohun kékeré kan wà tí a ń kì bọ ihò náà tí ń jẹ́ Chromecast. Google gbé e jáde ní 2013, wọ́n sì dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2024, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè rí i rà. Òun àti fóònù gbọ́dọ̀ wà lórí Wi-Fi kan náà. Ibi tí ó ti ń kọsẹ̀ ní ilé wa nìyí, nítorí fóònù kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé, fóònù tó ń pín hotspot sì sábà máa ń yọni lẹ́nu bí a bá tún ní kí òun náà gbé àwòrán. Ẹ jẹ́ kí fóònù ọmọ pín íntánẹ́ẹ̀tì, kí ti bàbá gbé àwòrán.

Wáyà ńkọ́? Ẹ̀yin àgbà á rántí pé nígbà kan, bí wọ́n bá ní wáyà dé láti ilé, àyà á já, nítorí ìròyìn òkú ni ó sábà máa ń mú wá. Wáyà tòde òní, owó ni ó ń jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti ki wáyà ṣájà bọ ihò USB tẹlifíṣọ̀n, àwòrán á yọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò USB yẹn lè fún fóònù ní iná, ó sì lè ka fọ́tò, ṣùgbọ́n kò gba ojú fóònù wọlé. HDMI ni ihò àwòrán. Wọ́n ń ta adapter tó ń so ihò USB-C fóònù mọ́ HDMI, ọ̀fìn sì wà níbẹ̀: kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ni ó ń tú àwòrán jáde. Ihò méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí ọ̀kan ní ọ̀nà àwòrán nínú, kí èkejì má ní ju ọ̀nà iná àti fáìlì lọ. Samsung Galaxy S ní i láti S8 tó jáde ní 2017, iPhone sì ní i láti iPhone 15 ti 2023. Àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n, Tecno, Infinix, itel àti ọ̀pọ̀ Galaxy A, kò sábà ní i, kò sì sí adapter kan lásán tó lè fi í sí wọn lára. Bí ọlọ́jà bá ní ti òun ń bá gbogbo fóònù ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ yọ fóònù yín, kí ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n níwájú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ohun mìíràn wà tí mo rí nínú ọ̀nà tí kò lo wáyà. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ará ilé náà fẹ́ rí wa. Bí wáyà bá so fóònù mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ògiri ni ojú rẹ̀ máa ń kọ sí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí wáyà, ẹ lè gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí ó dojú kọ àga. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kano, tí kò tíì fi ojú kan ìyá àgbà rẹ̀ rí, lè kúnlẹ̀ níbẹ̀ kí ó kí i, kí ìyá náà rí i lórí ìkúnlẹ̀, kí òun náà sì rí ìyá rẹpẹtẹ lára ògiri. Mo ti rí àgbàlagbà ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ohùn lè fẹ́ ìtọ́jú díẹ̀. Nígbà mìíràn àwòrán á lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ohùn ìpè á dúró sínú fóònù. Ẹ tan spíkà fóònù. Bí ohùn bá sì ń ti tẹlifíṣọ̀n jáde, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí fóònù á gbọ́ ọ, á sì dá a padà, àwọn ará ilé á máa gbọ́ ohùn ara wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tan Do Not Disturb pẹ̀lú. Gbogbo ohun tó bá wọ fóònù yín ní àkókò náà ni yóò hàn, àti ti báńkì, àti ti ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè, àwọn àna yín á sì bá yín kà á.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò di fóònù mú nílé. Ẹ má ṣe gbé e fún ọlọ́fọ̀ tàbí ìyá ìyàwó; ọ̀dọ́ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà ni kí ẹ bẹ̀. Kí ó di fóònù ní ìbú, kí ó má dì í ní òòró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwòrán tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò wà láàárín tẹlifíṣọ̀n yín. Kí bátìrì rẹ̀ kún, kí ẹ fi dátà ránṣẹ́ sí i. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ pè é, kí ẹ jọ dán an wò, nítorí pé wọn kì í dá òkú dúró de Wi-Fi.

Ẹni tí kò bá rí i ṣe, kí ó gbé fóònù rẹ̀ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ wa bá a wò ó. Kí ó ya fọ́tò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wá pẹ̀lú, kí orúkọ àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ hàn, kí gbogbo ihò ibẹ̀ sì hàn.