Ta Ni Ó Ń Pè Wá? Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé Ìpè Ìgbéyàwó

Ọmọbìnrin kan tí ó ti jókòó ní kíláàsì wa rí mú ìwé ìpè ìgbéyàwó rẹ̀ wá bá wa nílé, kí a lè bá a tún Yorùbá inú rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Faransé rẹ̀ dán mọ́rán. Lábẹ́ rẹ̀, Yorùbá bẹ̀rẹ̀ báyìí: «A ní ọlá láti fún yín ní ìpín nínú ìgbéyàwó wa.» Ó ti tú «faire part» ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ òun àti ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀. A bi í bóyá ìyá rẹ̀ àgbà ti gbọ́ ọ. Ó ní òun ti kà á fún wọn ní Kétu, wọ́n sì dákẹ́ pẹ́ kí wọ́n tó béèrè pé: «Ta ni ó ń pè wá? Ṣé ẹ kò ní ilé ni?»

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa yẹ̀ wò, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìgbéyàwó.

Ní èdè Faransé, ọkọ àti ìyàwó lè fi ẹnu ara wọn pe ènìyàn, kò sì sí ẹni tí yóò bínú. Ní ti Yorùbá, ilé méjì ni ó ń di ọ̀kan. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Ẹnu àgbà náà ni ìpè ti ń jáde. Nítorí náà, orúkọ àwọn tí ń pe ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí orúkọ àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé e.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dun ọmọbìnrin wa. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ó rò pé òkú kì í pe ènìyàn, ó sì yọ orúkọ àwọn òbí kúrò pátápátá, kí ó má baà jẹ́ pé ti ìyá nìkan ni yóò dá wà. A sọ fún un pé bàbá lè kú, ṣùgbọ́n ilé bàbá kò kú. Àbúrò bàbá ni yóò dúró ní ipò rẹ̀, pẹ̀lú ìyá ìyàwó. A ó sì kọ «olóògbé» ṣáájú orúkọ bàbá níbi tí a bá ti sọ ọmọ ẹni tí ìyàwó í ṣe. Kí a má sì gbàgbé ilé ìyá. Ẹbí tí a kò bá dárúkọ lè wá síbi àsè, ṣùgbọ́n bí àlejò ni yóò ṣe jókòó.

Ohun kejì ni bí a ṣe ń kọ orúkọ. Ìwé ìbí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni a fi lẹ́tà Faransé kọ: Adéchina, Babatoundé, Odjo. Nínú apá Faransé, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mairie ṣe mọ̀ yín. Nínú apá Yorùbá, ẹ kọ Adéṣínà, Babátúndé, Òjó. Ẹ má fi àmì ohùn sílẹ̀: Òjó tí kò ní àmì lè di òjò tí ń rọ̀, ó tún lè di ojo tí ń sá fún ogun. Bí ẹ bá ń lo ɛ àti ɔ ti álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè wa, tàbí ẹ àti ọ ti ìwé Nàìjíríà, méjèèjì dára. Kí ẹ má ṣáà pa wọ́n pọ̀ nínú ìwé kan.

Ohun kẹta ni ibi àti àkókò. Lọ́dọ̀ wa, ìgbéyàwó kan lè ní ìpàdé mẹ́ta: ìdána nílé ìyàwó, ti mairie, àti ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí yìgì. Òfin ìdílé tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gbé jáde ní 2004 kò ka ìgbéyàwó mìíràn sí ju èyí tí aṣojú ìjọba bá so lọ. Àmì ni ó ka ìdána sí. Ṣùgbọ́n lójú àwọn àgbà, níbi ìdána ni ọmọ ti ń gba ìre kúrò nílé. Kí ọ̀kan má gbé èkejì mì. Ẹ fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, ibi àti aago rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ó wá fún ìdána yóò bá a pé a ti ká ẹní. Bí ẹ bá sì ní ẹbí ní Atakpamé tàbí Lomé, ẹ rántí pé aago Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Ẹ kọ «aago Bẹ̀nẹ̀» sí i.

Àpẹẹrẹ kan nìyí tí ẹ lè tẹ̀ lé:

«Ẹbí … ti Kétu àti ẹbí … ti Àjàṣẹ́ fi tayọ̀tayọ̀ kí yín, wọ́n sì ń pè yín síbi ìgbéyàwó àwọn ọmọ wọn, …, ọmọ olóògbé …, àti …, ọmọ …. Ìdána yóò wáyé nílé ìyàwó, ní Kétu, ní ọjọ́ …, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹ wá bá wa yọ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwa náà wá bá yín ṣe tiyín.»

Àdúrà ìkẹyìn yìí ni ó dúró fún «votre présence nous honorera». Faransé ń sọ̀rọ̀ ọlá. Yorùbá ń fi àdúrà dúpẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìdáhùn, ẹ kàn kọ ọ́ pé: «Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa lésì, kí a lè mọ iye oúnjẹ tí a ó sè.» Ní ti iye owó aṣọ ẹbí, kò sí àyè fún un nínú ìwé yìí.

Tẹlifóònù lè gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ àti ojúgbà. Ti àgbà, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín gbé e lọ.

Ọmọbìnrin wa tún ìwé rẹ̀ kọ. Orúkọ àbúrò bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ ṣáájú, ilé ìyá rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ó padà sí Kétu, ó kúnlẹ̀, ó kà á. Ìyá àgbà ní kí ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi orúkọ olóògbé, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ní: «Ó dáa. A ti gbọ́. A ó wá.»