Àga Kan Ló Ń Sọ Ṣọ́ọ̀ṣì Di Kàtídírà

Àga la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: àga bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ ń bẹ nídìí àga yìí.

Tí mo bá bi ọ̀pọ̀ nínú yín pé kí ló ń jẹ́ kàtídírà, ẹ ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, kathedra, ló ti wá, àga sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí àga bíṣọ́ọ̀bù bá wà ni kàtídírà, ì báà kéré. Ẹ wo Róòmù. St. Peter's tí a máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni kàtídírà Póòpù. St. John Lateran ni, torí ibẹ̀ ni àga rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi bíṣọ́ọ̀bù Róòmù wà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àga? Láyé àtijọ́, olùkọ́ a máa jókòó kọ́ni ni. Ẹ ka Lúùkù orí 4: Jésù dìde, ó ka ìwé nínú sínágọ́gù ní Násárẹ́tì, ó dá ìwé náà padà, ó jókòó, ìgbà yẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Torí náà, àga olùkọ́ ni àga bíṣọ́ọ̀bù kó tó di ohun mìíràn. Àwa Yorùbá ń pè é ní ìtẹ́, ọkàn wa sì ń sáré lọ sí ààfin. Lóòótọ́, àṣẹ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ ẹni tó ń kọ́ ìjọ, tó sì ń bójú tó o ni.

Ẹnì kan kì í sì í fúnra rẹ̀ lọ gùn ún. Nínú ìjọ Áńgílíkà, bíṣọ́ọ̀bù tuntun á fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn kàtídírà kí wọ́n tó ṣí i fún un, àwọn ẹlòmíràn ni yóò sì mú un jókòó. Tó bá fẹ̀yìn tì tàbí tó kú, àga á ṣófo títí wọn yóò fi yan ẹlòmíràn. Kì í ṣe ogún ọmọ rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé àga lásán ni, ẹ jẹ́ kí n rán an létí Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn. Ní 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Síbẹ̀, Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kò sí lábẹ́ rẹ̀, torí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó bíi Henry Townsend kò fẹ́ wà lábẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Odò Ọya ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí jù.

Nígbà tó kú ní 1891, òyìnbó kan, Joseph Sidney Hill, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1893, wọ́n fi Isaac Oluwole àti Charles Phillips jẹ bíṣọ́ọ̀bù, àmọ́ igbákejì ni wọ́n. Igbákejì kì í ní ìtẹ́. Ó di 1952 kí wọ́n tó fi A. B. Akinyele ṣe bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ti dáyósíìsì Ìbàdàn, ìlú tí wọn kò fi sábẹ́ Crowther. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti 1864: ọdún 88.

Lóde òní, àga aláwọ̀ wúrà pọ̀ lórí pẹpẹ káàkiri ìlú. Èmi kò ní kẹ́ ẹ bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló mú un jókòó? Kí ló ń kọ́ni? Ta ló lè ní kó dìde?

Ẹ fi èrò yín ránṣẹ́ sí mi. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.