Ìdàrọ́ Kì í Ṣe Ìdọ̀tí: Àlàyé lórí Bí Gáàsì Ṣe Ń Yára Ṣiṣẹ́ Lára Ìdàrọ́ Yíyọ́

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ nípa irin yíyọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fà mí wá síbẹ̀. Ní Bárúwà, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ tí mo ń gbé, àwọn ọ̀dọ́ a máa ti ọmọlanke kiri láti ra irin àlòkù, èyí tí a óò kó lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè orúkọ pàǹtí dúdú tí ó máa ń léfòó sórí irin yíyọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni èdè wa ní orúkọ fún un: ìdàrọ́ ni.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìdàrọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Àkọsílẹ̀ ni. Ó ń sọ bí gáàsì ṣe yára tó, tàbí bí ó ṣe lọ́ra tó, láti gba irin lọ́wọ́ ọ́síjìn.

Irin inú òkúta kì í dá wà. Ọ́síjìn a máa dì mọ́ ọn. Bí èédú bá ń jó nínú iléru níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀ jù, gáàsì kan a jáde tí a ń pè ní kábọ́ọ̀nù monọ́kísáìdì. Gáàsì yìí a já ọ́síjìn gbà lára irin, òun náà a sì di kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáìdì. Irin tí ọ́síjìn kò tíì kúrò lára rẹ̀ a dà pọ̀ mọ́ iyanrìn inú òkúta, wọn a sì jọ yọ́ ní nǹkan bí 1,200°C. Èyí ni ìdàrọ́. Irin gidi kì í yọ́ àfi tí ìgbóná bá dé nǹkan bí 1,538°C. Nítorí náà, ìdàrọ́ a ṣàn lọ, irin a sì kù sẹ́yìn bí ògúlùtu.

Ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ gáàsì lára ìdàrọ́ yíyọ́ gbọ́dọ̀ là kọjá. Èkíní, gáàsì tuntun gbọ́dọ̀ dé ojú ìdàrọ́, kí èyí tí ó ti ṣiṣẹ́ tán sì kúrò níbẹ̀. Èkejì, gáàsì gbọ́dọ̀ já ọ́síjìn gbà ní ojú ìdàrọ́ náà gan-an. Ẹ̀kẹta, ọ́síjìn tí ó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn wá sókè. Ẹ fi í wé ọjà. Bí oníbàárà bá ń wọ́ tìrítìrí, tí ọwọ́ ìyálọ́jà sì yá, ṣùgbọ́n tí ọmọ tí ń gbé ẹrù wá láti inú ṣọ́ọ̀bù ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ọjà kò lè yá. Ìpele tí ó lọ́ra jù lọ ni ó ń pinnu ìyára gbogbo wọn. Bí ó bá jẹ́ èkíní, a ó fi kún afẹ́fẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kẹta, a ó ro ìdàrọ́ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ èkejì, a ó fi kún ìgbóná tàbí kí a yí ohun tí ó wà nínú ìdàrọ́ padà.

Ìpele kejì yìí ni ó ṣòro jù lọ láti wò. Ní 1984, Sasaki, Hara, Gaskell àti Belton tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n lo irú kábọ́ọ̀nù kan tí a lè dá mọ̀ láàárín àwọn yòókù láti fi tọpa gáàsì. Wọ́n rí i pé bí ọ́síjìn bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú ìdàrọ́, bẹ́ẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáìdì ń lọ́ra sí i láti túká ní ojú rẹ̀. Àlàyé tí a ń ṣe fún èyí ni pé ìdàrọ́ gbọ́dọ̀ yá gáàsì ní ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kí ó tó lè túká, irin tí ọ́síjìn sì ti gba púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní èyí tí yóò yáni. Àwọn onímọ̀ tún rí i pé iyanrìn a máa dín ìyára náà kù, pé ẹfun òkúta a máa fi kún un, àti pé gáàsì háídírójìn yára ju ti èédú lọ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní 1904, C. V. Bellamy tẹ ìròyìn kan jáde nípa ilé ìyọ́rin ní abúlé tí ó pè ní Ola Igbi, nítòsí Ọ̀yọ́, F. W. Harbord sì ṣe àyẹ̀wò ohun tí a kó wá láti ibẹ̀. Iléru wọn kò lo ẹwìrì. Fúnra rẹ̀ ni ó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú ọ̀pá amọ̀ wọlé. Nínú irú iléru bẹ́ẹ̀, irin púpọ̀ a máa ṣẹ́ kù sínú ìdàrọ́. Ẹlòmíràn lè pè é ní òfò. Ṣùgbọ́n bí a bá gba gbogbo irin náà tán, ìdàrọ́ kò ní lè ṣàn ní ìwọ̀n ìgbóná yẹn mọ́. Iléru ńlá òde òní ń gba irin fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n ìgbóná rẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì nílò ẹfun òkúta. Irin tí ó ti ibẹ̀ jáde ní kábọ́ọ̀nù tó nǹkan bí 4 nínú 100, yóò sì fọ́ bí a bá fi owú lù ú láìtún un ṣe. Irin àwọn bàbá wa ti ṣe é rọ. Alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹni tí ó fi irin díẹ̀ sílẹ̀ fún ìdàrọ́ náà mọ ohun tí ó ń ṣe.

Irin òyìnbó tí ó pọ̀ lọ́jà ni ó pa iṣẹ́ náà. Ní 1982, ilé-iṣẹ́ irin ti Aládjà, lẹ́bàá Wàrì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì já ọ́síjìn gbà lára òkúta irin láìyọ́ ọ. Lónìí, gbogbo ayé ń wá ọ̀nà láti fi háídírójìn rọ́pò èédú, nítorí pé èéfín iṣẹ́ irin ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Ìbéèrè ìyára tí mo ṣàlàyé yìí ni wọ́n ń bá yí. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá wọn dá sí i, kò yẹ kí wọ́n rò pé ohun àjèjì ni.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: níbikíbi tí òkìtì ìdàrọ́ bá ṣẹ́ kù sí ní ahoro ìlú wa, ẹ má jẹ́ kí a kó o lọ dí kòtò ojú ọ̀nà kí àwọn onímọ̀ tó kà á. Àwọn tí ó yọ́ irin náà kò fi ìwé sílẹ̀ fún wa. Ìdàrọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀.