Ewé Kì Í Ṣe Pákó: Ìdí Tí Igbó Fi Ṣòro fún Kọ̀ǹpútà Láti Yà

Ẹ já ewé kókò kan, ẹ gbé e sókè kí ó bo oòrùn mọ́ yín lójú. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí yín kò ní dúdú. Yóò máa tàn, ẹ ó sì rí iṣan rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kékeré yìí ti da àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán láàmú fún nǹkan bí ogójì ọdún.

Ìmọ́lẹ̀ kì í dúró sí ara ewé. Èròjà tó ń fún ewé láwọ̀ ń gbé púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ pupa àti búlúù mì. Èyí tó ṣẹ́kù á máa forí gbá sẹ́ẹ̀lì kan dé òmíràn. Apá kan á padà sókè, apá kan á yọ sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bíi pákó tí wọ́n kùn lọ́dà ni kọ̀ǹpútà ṣe ń ka ewé tẹ́lẹ̀: iwájú mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ṣú.

Lọ́dún 1984, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà Lucasfilm, tó padà di Pixar, ṣe fíìmù kékeré kan tí igbó wà nínú rẹ̀, The Adventures of André & Wally B. William Reeves àti Ricki Blau ṣàlàyé lọ́dún 1985 pé àfojúbù làwọn fi ṣe é: bí ewé bá ṣe wọnú igi tó ni wọ́n ṣe mú un ṣókùnkùn tó. Ọgbọ́n gidi ni, nítorí agbára kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò ká ìṣirò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún 1986 ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà James Kajiya gbé ìṣirò tí iṣẹ́ yìí dúró lé dòní jáde: ìmọ́lẹ̀ tó ń kúrò lára nǹkan ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń tàn, pẹ̀lú èyí tó gbà láti ibi gbogbo tó sì ta padà. Nínú igbó, “ibi gbogbo” yẹn jẹ́ ewé tí kò lóǹkà. Ìmọ́lẹ̀ tó la ewé kan kọjá á bà lé òmíràn, á tún là á kọjá. Ìdí nìyẹn tí ibòji abẹ́ igi fi máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń tọ ipasẹ̀ ìmọ́lẹ̀ yìí láti ojú kámẹ́rà padà sẹ́yìn, lọ́pọ̀ ìgbà. Bí iye ìgbà tó tọ̀ ọ́ kò bá pọ̀ tó, àwòrán á rí wóró-wóró bí iyanrìn.

Iye ewé tó wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lọ́dún 2018, Disney kó dátà tí wọ́n fi ya erékùṣù inú fíìmù Moana sílẹ̀ fáwọn olùwádìí. Ewé, igi kéékèèké, òkúta àti àwọn nǹkan mìíràn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 28, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ẹ̀dà ìrísí kan náà tí wọ́n yí sọ́tùn-ún sósì.

Bí ẹ bá tún ń wo fíìmù tàbí géèmù, ẹ wá ewé tó wà láàrin oòrùn àti kámẹ́rà. Ẹ wò ó bóyá ó ń tàn.