Dáńfó Kejì

Ẹni tó ní dáńfó kan tó ń ná Òṣòdì sí Ìsọlọ̀ fẹ́ fi ìkejì kún un. Owó ọkọ̀ ni yóò tún san pé pérépéré. Dírẹ́bà mìíràn, kọ́ńdọ̀ mìíràn, epo, táyà, mẹkáníìkì, owó àwọn ọmọ gáréèjì, gbogbo rẹ̀ ló tún di ọ̀tun. Èrò 14 náà ni ọkọ̀ yóò sì gbé. Bí ọkọ̀ bá fi máa pé mẹ́wàá, ìnáwó ti di mẹ́wàá, wàhálà ti lé ní mẹ́wàá, torí ojú olówó ọkọ̀ ò ká wọn mọ́.

Òwò yẹn tóbi sí i, kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun làwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní scalable. Ohun táwọn ń bi ara wọn ni pé: bí oníbàárà kan bá tún wọlé, èló ni yóò ná wa láti gbà á?

Ní oṣù kejì ọdún 2014, Facebook kéde pé òun fẹ́ ra WhatsApp ní bílíọ̀nù 19 dọ́là. Àwọn tó ń lò ó lóṣooṣù nígbà náà tó mílíọ̀nù 450. Òṣìṣẹ́ wọn ńkọ́? Ẹni 55. Dáńfó mẹ́rin kó wọn tán, àyè ẹnì kan á tún ṣẹ́ kù. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ ètò orí fóònù náà. Ẹni tó gbà á lónìí kò ní kí wọ́n tún un kọ. Fóònù, àwa la rà á. Dátà, àwa la ń san án. Àfi bí ẹni pé èrò ń gbé àga àti epo tirẹ̀ wọkọ̀.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé ohun gbogbo tó bá ti jẹ́ ti orí fóònù ló rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ní ká má ná 200, 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ mọ́, tí tuntun kò sì kárí, gbogbo ọjà di ọjà tiransífà. L'Óṣòdì, àti ní ọjà Aswani lọ́jọ́ Túsìdeè, owó a kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rajà, kò ní í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tajà. Aṣọ á wà láàárín wọn, kálukú á tẹjú mọ́ fóònù. Tiransífà sí báńkì mìíràn kì í ṣe iṣẹ́ báńkì kan ṣoṣo: láti báńkì tìrẹ, yóò gba ọ̀dọ̀ NIBSS tó so àwọn báńkì pọ̀ kọjá, kó tó dé báńkì ẹnì kejì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá há, agbára àwọn yòókù ò já mọ́ nǹkan kan.

Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń wá ibi tó há yẹn sílẹ̀ kí èrò tó dé. Wọ́n á kọ ètò kan tí yóò ṣe bí ẹni pé mílíọ̀nù oníbàárà ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wo ibi tí yóò kọ́kọ́ já. Owó gidi ni wọ́n fi ń ṣe é, oníbàárà ò sì ní í rí i, ìyẹn ló fi rọ ọ̀gá tó ń fọwọ́ sówèé lọ́rùn láti sún un di ọdún tó ń bọ̀.